Sẹ́lótéèpù Lára Awọ: Ìyá Kẹ́mísì Dáhùn Ìbéèrè Yín

Lẹ́tà mẹ́ta ni mo mú lóṣù yìí, ìpara ni gbogbo wọn ń sọ. Ọyẹ́ ló fà á. Tí ọyẹ́ bá ti wọ Àkúrẹ́, káńtà mi kì í sinmi.

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Kẹ́mísì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kàwé ní FUTA wá kí mi lópin ọ̀sẹ̀, ó bá mi níbi tí mo ti ń fi ìpara inú túùbù pa ọrùn àbíkẹ́yìn mi, ọmọ ọdún mẹ́ta, tí èélá ò jẹ́ kó sùn láti ìgbà tí ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ló bá bi mí bóyá mo mọ̀ pé sẹ́lótéèpù ni àwọn onímọ̀ fi ń bó awọ èèyàn kí wọ́n lè mọ iye òògùn tó wọlé. Mo rẹ́rìn-ín títí. Sẹ́lótéèpù tí mo fi ń lẹ ẹnu ọ̀rá iyọ̀ nísọ̀! Ó búra, mi ò gbà. Ṣé òótọ́ ni? Tó bá jẹ́ òótọ́, báwo ni èyí tó ń wọ ọmọ mi lára ṣe pọ̀ tó? Mo fi fọ́tò túùbù náà mọ́ lẹ́tà yìí. Ìyá Ṣadé, Ọjà Ọba, Àkúrẹ́.

Ìyá Ṣadé, tí ọmọ yẹn bá tún wá, ẹ gúnyán fún un. Kò parọ́ fún yín. Sẹ́lótéèpù ni. Wọ́n ń ṣe èyí tó rí róbótó fún iṣẹ́ náà ní pàtó, àmọ́ ọ̀pọ̀ wa ló ti lo ti ọjà rí. Mo fi ọwọ́ ara mi ṣe é fún nǹkan bí ọdún méjì ní ilé àyẹ̀wò kan, kí n tó wá jókòó ti káńtà yìí ní Òkè-Ìjẹ̀bú, apá òsì mi ni mo sì kọ́kọ́ fi dán an wò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí awọ ṣe rí ná. Òkè pátápátá ohun tí à ń pè ní awọ ti kú. Àwọn ègé gbígbẹ kéékèèké ni, wọ́n tò léra wọn bí páànù orí ilé tí etí ọ̀kan gun ẹ̀yìn èkejì, ọ̀rá díẹ̀ sì dí àárín wọn. Ohun tó ń funfun lójúgun yín nígbà tí ẹ ò bá para lọ́yẹ́, òun náà ni. Tí ẹ bá pín mìlímítà kan sí ẹgbẹ̀rún, ìnípọn rẹ̀ kò ju 10 sí 20 nínú rẹ̀ lọ, irun orí kan nípọn jù ú lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n òun ni géètì ilé. Òun ni kò jẹ́ kí omi ara tú jáde, tí kò sì jẹ́ kí ohun ìta ya wọlé. Òògùn tí ẹ fi pa ọmọ gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀ kọjá kó tó kan awọ tó wà láàyè nísàlẹ̀, níbi tí èélá ti ń jó o.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹni tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ á na apá sórí tábìlì, á yí inú apá sókè, níbi tí irun kò ti pọ̀. A ó fi bírò sàmì sí ibi kékeré kan, a ó fi ìpara tí a ti wọ̀n pa á, a ó dúró. Ó lè jẹ́ wákàtí kan, ó lè jẹ́ mẹ́fà. Tí àkókò bá pé, a ó nu èyí tó kù lókè. Ìgbà náà ló kan sẹ́lótéèpù: a ó lẹ̀ ẹ́, a ó fi ohun tí ìwúwo rẹ̀ kì í yí padà tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, a ó fà á yọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó di ìkejì, ojú kan náà. Ìkẹta. Títí á fi tó 20, ó sì máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà mìíràn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń kó ìpele kan dání lára òkú awọ yẹn, bí ẹni ń ṣí àlùbọ́sà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìgò tirẹ̀ tí a kọ nọ́ńbà sí. Kò dunni tó bí ẹ ṣe ń rò, àmọ́ tó bá ti kọjá 15, ibẹ̀ á máa dán bí ẹni fepo pa á, atẹ́gùn fáànù á sì máa ta á.

Lẹ́yìn náà, mẹ́táńọ́ọ̀lù la ó dà sínú ìgò kọ̀ọ̀kan kó lè fa òògùn jáde lára gọ́ọ̀mù. A ó mì í, a ó sẹ́ ẹ, ó di ọwọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní HPLC. Ọ̀pá irin kan tí kò gùn tó rúlà ọmọ iléèwé ni ọkàn ẹ̀rọ yìí. Wọ́n ki ìyẹ̀fun funfun kan tó kúnná ju ẹ̀lùbọ́ lọ sínú rẹ̀ pinpin, ẹ̀rọ á sì máa ti omi gba inú ìyẹ̀fun náà kọjá. Ẹ̀yin ará Ọjà Ọba lẹ máa mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí kò mọ ẹnì kankan lọ́jà, wàràwàrà ló máa já sí ẹnu ọ̀nà kejì. Ẹni tó ní oníbàárà nísọ̀ gbogbo á kí tibí, á kí tọ̀hún, òun ni yóò jáde kẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn èròjà ṣe ń ya ara wọn sọ́tọ̀: gọ́ọ̀mù á jáde lákòókò tirẹ̀, ọ̀rá ara lákòókò tirẹ̀, òògùn lákòókò tirẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú èèyàn kì í rí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Bí òògùn bá ti ń kọjá, kọ̀ǹpútà á ya òkè kan bí òkè Ìdànrè. Bí òkè náà bá ṣe tóbi tó la fi ń mọ iye rẹ̀, torí a ti kọ́kọ́ fún ẹ̀rọ ní òògùn tí a mọ ìwọ̀n rẹ̀, a ti mọ bí òkè tiẹ̀ ṣe rí.

Kí a tó fọwọ́ kan awọ rárá, a ó ti kán òògùn tí a mọ iye rẹ̀ sórí sẹ́lótéèpù tuntun, a ó sì wò ó bóyá gbogbo rẹ̀ á padà bọ̀. Bí ẹ bá kán 100 sí i tó jẹ́ 60 lẹ rí gbà, gọ́ọ̀mù ti gbé 40 mì, irọ́ ni gbogbo ohun tí ẹ bá wá sọ nípa awọ lẹ́yìn ìyẹn. Iṣẹ́ yìí máa ń súni. Ibẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ti máa ń fò.

Èmi ò fo ìyẹn. Ibòmíràn ni mo ti ṣubú. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, òwú kan ṣoṣo ni mo fi nu apá, fẹ́rẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ sẹ́lótéèpù. Mo ka gbogbo rẹ̀ pọ̀ láti orí ìkíní. Iye tó jáde pọ̀ débi pé bí ìdajì ìpara ló wọlé. Inú mi dùn, mo gbé ìwé tọ ọ̀gá mi lọ. Kò wo ìwé. Apá mi ló fà mọ́ra, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́, ó ní: “Awọ lo wọ̀n ni, àbí ìpara?” Ó wá mú awò asọ-kékeré-di-ńlá, ó ní kí n wo ara mi.

Ẹ̀yin tí bàbá yín dáko, ẹ rántí ebè àti poro. Bẹ́ẹ̀ ni awọ èèyàn rí tí ẹ bá sún mọ́ ọn: ebè, poro, ebè, poro. Ìpara máa ń sá pamọ́ sínú poro, níbi tí òwú kò lè dé. Sẹ́lótéèpù ìkíní kó ti orí ebè, ṣùgbọ́n títí dé ìkeje ó ṣì ń hú ìpara jáde látinú poro. Ẹni tó bá ń kà á á rò pé òògùn ti rìn jìnnà, bẹ́ẹ̀ ìta ló ṣì wà. Àtìgbà yẹn, mo ń fi ọṣẹ fọ ibẹ̀ dáadáa, mo ń ya ìkíní àti ìkejì sọ́tọ̀, mi ò kà wọ́n mọ́ ohun tó wọ awọ. Iye náà já wálẹ̀ débi pé ojú tì mí fún ìwé tí mo kọ́kọ́ gbé lọ.

Kì í ṣe èmi nìkan ni sẹ́lótéèpù ti dójú tì o. Lọ́dún 1998, àjọ FDA tó ń bójú tó òògùn ní Amẹ́ríkà gbé àbá kan jáde pé kí àwọn tó ń ṣe ìpara fi ọ̀nà yìí ṣe ẹ̀rí pé tiwọn kò yàtọ̀ sí èyí tó ti wà lọ́jà. Ilé àyẹ̀wò méjì yẹ jẹ́ẹ̀lì tretinoin, òògùn ìrorẹ́, kan náà wò, ìdáhùn wọn takora. Nígbà tó di 2002, àjọ náà fa àbá rẹ̀ sẹ́yìn. Ọ̀nà àtijọ́ kan wà fún àwọn ìpara bíi tiyín, láti ọdún 1962: wọ́n á pa á sára, wọ́n á wo bí ojú ibẹ̀ ṣe funfun sí, torí òògùn náà máa ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Ọgbọ́n tó dára ni fún àwọn òyìnbó. Lára dúdú bíi tiwa, kí lojú fẹ́ rí?

Ó kan ọmọ yín wàyí. Mo wo fọ́tò yẹn. Clobetasol 0.05% ni wọ́n kọ sí túùbù náà, ọ̀kan lára àwọn ìpara sitẹ́rọ́ìdì tó le jù. Bí a bá fún un sórí ìka ìfábẹ̀là àgbàlagbà, láti orí ìka títí dé oríkèé àkọ́kọ́, nǹkan bí ìdajì gíráàmù nìyẹn, ó sì yẹ kó tó ibi tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì tòun ti ìka. Òògùn gan-an tó wà nínú ìdajì gíráàmù yẹn kò ju ìdá kan nínú mẹ́rin mìlígíráàmù. Ẹ wá tẹ́ ẹ sórí àtẹ́lẹwọ́ méjì: ibi tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóròó, kò rí tó ìdá kan nínú mílíọ̀nù gíráàmù kan. Díẹ̀ péré nínú ìyẹn náà ló ń wọlé. Ìdí nìyẹn tí HPLC lásán kì í fi í rí i dáadáa, tí àwọn tó lówó fi ń so ẹ̀rọ kejì mọ́ ọn, LC-MS/MS, tó ń fi ìwúwo dá èròjà mọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ má wá tìtorí pé mo ní díẹ̀ kí ọkàn yín balẹ̀. Díẹ̀ yẹn ti tó. Bí àgbàlagbà bá ń fi gíráàmù méjì péré nínú ìpara yìí para lóòjọ́, ó lè mú kí ara rẹ̀ dín kọ́tísọ́ọ̀lù, sitẹ́rọ́ìdì tó ń ṣe fúnra rẹ̀, kù, wọ́n sì kọ ọ́ sí ìwé òògùn náà pé kò yẹ fún ọmọ tí kò tíì pé 12. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni tiyín. Awọ rẹ̀ fẹ̀ ju bí ara rẹ̀ ṣe wúwo lọ tí a bá fi wé tàgbà. Ọrùn náà ńkọ́? Ó ń làágùn, ó ń kákò, ẹ̀wù ń fi gbá a. Lọ́dún 1967, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Feldmann àti Maibach, pa hydrocortisone, sitẹ́rọ́ìdì tí kò le tó tiyín, sí oríṣiríṣi ibi lára àwọn ọkùnrin, wọ́n wọn èyí tó padà bọ́ sínú ìtọ̀ wọn. Ní inú apá, nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ló wọlé. Níwájú orí, ó tó ìlọ́po mẹ́fà ìyẹn. Ní párì ẹ̀rẹ̀kẹ́, ìlọ́po 13. Lára awọ kórópọ̀n, ìlọ́po 42. Ọrùn ọmọ yín sún mọ́ párì ju apá lọ. Ẹni tó tà á fún yín kò béèrè ibi tí ẹ fẹ́ pa á sí, àbí ó béèrè?

Ẹ mú ọmọ náà àti túùbù náà lọ bá dókítà lọ́sẹ̀ yìí. Bí ó bá ti pẹ́ tí ẹ ti ń lò ó lójoojúmọ́, ẹ má dá a dúró lójijì kí dókítà tó mọ̀ sí i. Ìpara túùbù mìíràn tí kò le tó yìí wà. Ní báyìí ná, òrí tí kò ní lọ́fínńdà ni kí ẹ fi máa pa ibi tó gbẹ, lẹ́yìn ìwẹ̀, kí omi tó gbẹ tán lára rẹ̀.

Ẹ káàsán mà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Oǹdó. Ọ̀gá mi ní kí n lo awọ etí ẹlẹ́dẹ̀ dípò ti èèyàn nínú gíláàsì Franz fún iṣẹ́ àṣekágbá mi, èyí tí wọ́n ń na awọ sí láàárín, òògùn lókè, omi nísàlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ra etí lọ́jà. Òògùn ń ya gba inú awọ náà bí omi, nọ́ńbà etí kan ò sì jọ ti èkejì. Ọ̀gá mi ní ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Kí ni kí n ṣe? T., Oǹdó.

Ọmọ mi, kí o tó dá ẹ̀rọ lẹ́bi, lọ bá ẹni tó pa ẹlẹ́dẹ̀. Báwo ló ṣe yọ irun rẹ̀? Omi gbígbóná ni, tàbí iná. Ìwọ náà wò ó: nílé àyẹ̀wò, tí a bá fẹ́ bó awọ òkè kúrò lára ti ìsàlẹ̀, omi tó gbóná tó 60°C la máa ń rì í sí fún bí ìṣẹ́jú kan, á sì ṣí bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n. Ẹlẹ́ran rẹ ti bá ọ ṣe é kí o tó délé. Géètì ti ṣí sílẹ̀, o wá ń ka iye èrò tó fo odi.

Ohun tí èmi ṣe nígbà náà: aago márùn-ún ìdájí ni mo ti máa ń dúró ti àwọn tó ń pa ẹlẹ́dẹ̀. Mo sanwó etí kí omi tó hó. Ọkùnrin tó ń ge é fún mi wò mí lókè wò mí nílẹ̀, ó ní, “Mọ́mì, etí nìkan? Ẹ ò mú ẹran?” Mo rí i pé ó rò pé oògùn ni mo fẹ́ fi ṣe. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, oògùn ni. Látọjọ́ yẹn, kò bi mí ní nǹkan kan mọ́, ó sì ń bá mi ya èyí tó mọ́ sọ́tọ̀.

Fi omi tútù fọ̀ ọ́, gbé e sínú kúlà pẹ̀lú yìnyín. Sísọ́ọ̀sì ni kí o fi gé irun rẹ̀, má fi abẹ fá a. Fi ọ̀bẹ ya awọ ẹ̀yìn etí kúrò lórí kèrékèré díẹ̀díẹ̀, èyí tó bá ní ojú ọgbẹ́, jù ú nù. Kí o tó pa òògùn kankan sí i, dán an wò bóyá ó ṣì dí: wọn bí iná mànàmáná ṣe ń gbà á kọjá, tàbí bí omi ṣe ń fẹ́ lára rẹ̀. Etí tó ti jò kì í fara pa mọ́.

Ní ti gíláàsì náà, láti 1975 tí Franz ti gbé e jáde ni ìṣòro kan náà ti ń bá a rìn: atẹ́gùn. Bí atẹ́gùn kékeré kan bá há sábẹ́ awọ, ibẹ̀ kò kan omi ìsàlẹ̀ mọ́. Tẹ gíláàsì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀, kí atẹ́gùn náà gun òkè jáde. Jẹ́ kí ojú awọ wà ní 32°C, kí mágínẹ́ẹ̀tì máa yí nísàlẹ̀. Bí o bá fa omi díẹ̀ lọ fún ẹ̀rọ, omi tuntun tó tó iye tí o fà ni kí o dá padà. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ yẹn, gbèrò rẹ̀ ṣáájú. Mo ti jókòó ti gíláàsì mẹ́fà lóru rí, mo ń fi omi gbígbóná inú fúláàsì gba 32°C dúró. Mi ò lo iye tó jáde lóru ọjọ́ náà. Ìwọ náà má lò ó tó bá ṣẹlẹ̀ sí ọ.

Nígbà tí o bá parí, ṣírò bí ìyá rẹ ṣe ń ṣírò ọjà: èyí tí o nù kúrò lókè, èyí tó wà lára sẹ́lótéèpù, èyí tó wà nínú awọ, èyí tó bọ́ sínú omi ìsàlẹ̀. Ro ó pọ̀. Ìlànà 428 tí àjọ àwọn orílẹ̀-èdè kan tí wọ́n ń pè ní OECD gbé jáde lọ́dún 2004 fún irú àyẹ̀wò yìí ń fẹ́ kó tó èyí tí o pa, bóyá kó fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lé tàbí dín. Bí ó bá jẹ́ 70 lo rí, 30 wà níbì kan. Wá a. Mo mọ ẹni tó rí tirẹ̀ lára ìbọ̀wọ́.

Ìyá Kẹ́mísì, ìyàwó mi ń ra ìpara kọ́lájìn olówó gọbọi, wọ́n ní ó ń wọnú awọ lọ ó ń tún un ṣe. Ṣé ó ń wọlé? Bàbá Dáre, Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́.

Kì í wọlé, Bàbá Dáre. Lọ́dún 2000, àwọn onímọ̀ méjì, Bos àti Meinardi, ṣàkíyèsí pé àwọn òògùn tí a fi ń para tó ń ṣiṣẹ́, ìwúwo èròjà wọn kì í sábà kọjá 500 dálítọ́ọ̀nù, òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ohun tó kéré bẹ́ẹ̀. Hydrocortisone jẹ́ 362. Clobetasol propionate, èyí tó máa ń wà nínú irú túùbù tí mo sọ lókè, jẹ́ 467, ó ràdọ̀ bálẹ̀ kọjá. Kọ́lájìn odindi tó nǹkan bí 300,000. Málúù ló fẹ́ gba ojú abẹ́rẹ́ yẹn. Èyí tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ náà ṣì máa ń tóbi jù. Ìpara náà á mú awọ rọ̀, torí ọ̀rá àti omi inú rẹ̀, ibẹ̀ ló sì parí sí.

Mi ò ní parọ́ fún yín, èmi náà ń tà á. Ó tiẹ̀ lè jẹ́ ọ̀dọ̀ mi ló ti ń rà á. Tí ẹ bá fẹ́ sọ fún un, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.